Ilé alápá méjì kan ní Ìgbẹ́tì, tí àwọn òṣìṣẹ́ kúárì ń gbé: ṣé ká rà á?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé, mo sì ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ilé tí mo lè gbé fún ayálégbé. Ilé kan wà fún títà ní Ìgbẹ́tì. Abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ló wà, ṣùgbọ́n ògiri pín in sí méjì: yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ní apá kan, yàrá méjì àti pálọ̀ ní apá kejì, kálukú pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń wa òkúta mábù ló gba apá ńlá fún àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 900,000 náírà lọ́dún. Ìyá kan tí ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ń san 450,000 fún apá kékeré. Mílíọ̀nù 18 ni onílé ń pè é. Éjẹ́ńtì ní bí ayálégbé kan bá kó lọ, èkejì á ṣì máa san, nítorí náà kò séwu. Ìyàwó mi ní òun kò fara mọ́ ọn, pé kí n kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dáhùn ṣáájú mi ń yin ilé, wọn kò sì fọwọ́ kan owó rárá. Owó ilé méjèèjì jẹ́ 1,350,000 lọ́dún. Yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún páànù tó ń jò, páìpù tó bẹ́, ọ̀dà àti kíátékà, yóò ku 1,215,000. Bí apá kankan kò bá ṣófo fún oṣù kan ṣoṣo, yóò tó nǹkan bí ọdún 15 kí mílíọ̀nù 18 tó padà sápò rẹ.

Ẹni tí ó ní kí o kó owó náà sí báńkì, nítorí pé Báńkì Àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n owó tí ó dùbúlẹ̀ sí báńkì ń jó rẹ̀yìn bí ọjà ti ń gbówó lórí, ilé kì í sì í jó rẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí ènìyàn ṣì ń wá gbé. Ohun tí a ń bèèrè gan-an nìyẹn: ta ni yóò máa wá gbé Ìgbẹ́tì ní ọdún kẹwàá òní, kí sì ni yóò gbé e wá?

Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 fi ọdún 5 sí ìwé àṣẹ kúárì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ lè tún un gbà. Ti ìwakùsà ńlá ló ń tó ọdún 25. Ilé tí ó nílò ọdún 15 kí ó tó dá owó rẹ̀ padà wá ń gbára lé ìwé àṣẹ ọlọ́dún márùn-ún, tí ìwọ kò sì mọ ọdún tó kù lórí rẹ̀. Bèèrè déètì inú ìwé náà kí o tó bèèrè iye ilé.

*

Ẹni kan fèsì pé ẹnu ọ̀nà méjì ni ààbò méjì, pé ìdí tí àwọn oníṣòwò ilé fi fẹ́ràn irú ilé bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ nìyẹn, n kò sì bá wọn jiyàn ní Ìbàdàn, níbi tí ayálégbé kan ti lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí èkejì ń ta aṣọ ní Gbági. Ní Ìgbẹ́tì, ẹ wo ẹni tí ó wà ní apá kejì ilé yìí. Ìyá tí ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ kúárì ni. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá kó ẹrù wọn, ta ni yóò máa jẹ oúnjẹ ìyá yẹn? Orísun kan náà ni owó àwọn méjèèjì ti ń wá, bí ó bá sì gbẹ, ẹnu ọ̀nà méjèèjì ni yóò tì pa láàárín oṣù kan náà.

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa ṣàlàyé èyí fún. Láti ìgbà tí LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990 ni àwọn ènìyàn ti ń kọ́ ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan yí agbègbè Under-G ká. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2016 títí wọ inú 2017, kì í ṣe yàrá akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ṣófo. Àwọn tí ń ṣe fọ́tòkópì, àwọn tí ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ nítorí iṣẹ́ wọn, gbogbo wọn ló ń bẹ onílé pé kí ó ṣe sùúrù. Onílé tí ó ní yàrá mẹ́wàá kò sàn ju onílé tí ó ní méjì lọ.

*

Ẹni tí bàbá rẹ̀ gbé ní Jọ́ọ̀sì kọ̀wé pé kúárì tì, ilé kò tì. Ó ní bàbá òun ṣì ń gba owó ilé ní Jọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí tánganran (tin) tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ti tán.

Ẹ ṣé tí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá, nítorí pé ìtàn àwa Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ni. Àwọn bàbá wa bá tánganran lọ sí Jọ́ọ̀sì, wọ́n tajà níbẹ̀, wọ́n sì kọ́lé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gbé iye owó tánganran ró dàrú, ọjà rẹ̀ sì wó lágbàáyé. Ìwakùsà tí ó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ lórí òkè náà wá rọ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n kí ló dá owó ilé Jọ́ọ̀sì dúró? Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti 1975, Jọ́ọ̀sì sì di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Plateau ní 1976. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, dókítà àti oníṣòwò ló wọ inú ilé tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀. Ẹ lọ bèèrè ní àwọn ibùdó kéékèèké tí kò ní ju kòtò ìwakùsà lọ, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ìtàn kan náà. Ẹ̀núgu náà rí bẹ́ẹ̀: èédú ni wọ́n tìtorí rẹ̀ tẹ ìlú náà dó, láti 1915 ni wọ́n ti ń wà á, ṣùgbọ́n ipò olú-ìlú ló gbà á sílẹ̀ nígbà tí èédú kò tà mọ́.

Ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí rèé, n kò sì ní yẹsẹ̀ níbẹ̀: má ṣe fi iye tí kúárì ń san díye lé ilé. Fi iye tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ìlú náà lè san díye lé e. Ìgbẹ́tì kì í ṣe ahoro, òun ni oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́runṣògo, àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ó sì ní ọjà. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa gba ilé níbẹ̀ lẹ́yìn kúárì. Iye tí àwọn wọ̀nyẹn ń san ni ìpìlẹ̀ ilé náà. Èyí tí kúárì ń san lé e jẹ́ ẹ̀bùn, a kì í sì í yá owó ra ẹ̀bùn.

*

Láti Ọsirélíà, ẹni kan ní àwọn tí ó ra ilé alápá méjì ní àwọn ìlú èédú ibẹ̀ ti di olówó.

Òótọ́ ni fún àwọn kan. Moranbah ní Queensland jẹ́ ìlú tí wọ́n kọ́ nítorí èédú, àwọn tí ó rà níbẹ̀ ṣáájú tí wọ́n sì tà kí ọdún 2012 tó parí jèrè púpọ̀. Àwọn tí ó rà á lọ́wọ́ wọn ńkọ́? Iye ilé níbẹ̀ já wálẹ̀ ju ìlàjì lọ láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n sì ń san gbèsè báńkì lórí ilé tí owó rẹ̀ kò tó gbèsè mọ́. Lóòótọ́ ó ti gbérí díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n báńkì kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó kan ọ̀ràn wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fi bàálù kó òṣìṣẹ́ wá láti ìlú ńlá, wọ́n ń fi wọ́n sínú àgọ́, wọ́n sì ń dá wọn padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí àwọn onílé inú ìlú kò fi rí nǹkan kan gbà. Ó burú débi pé ìjọba Queensland ṣe òfin sí i ní 2017. Kò sí bàálù ní Ìgbẹ́tì, ṣùgbọ́n àgọ́ wà. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá ti ń kó búlọ́ọ̀kù sí orí ilẹ̀ rẹ̀ láti kọ́ ilé fún àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n yóò jáde nínú ilé tìrẹ ti pé. Àwọn awakọ̀ tí ń gbé òkúta lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀. Ra oúnjẹ fún ọ̀kan nínú wọn.

*

Ẹlòmíràn: ẹ fi mábù sílẹ̀, ẹ lọ ra ilé sí apá Kómu, lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ni ayé ń lọ bá.

Ní ìparí 2022, tọ́ọ̀nù kan lítíọ́ọ̀mù sún mọ́ 600,000 yúàn ní Ṣáínà. Nígbà tí 2023 ń parí, ó ti di nǹkan bí 100,000. Mábù kì í fò bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣubú bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń ṣe ọ̀dà, tẹ̀ràsò àti símẹ́ńtì kò ní yé rà á. Bí ó bá di dandan kí n yan ọ̀kan nínú méjèèjì, Ìgbẹ́tì ni n óò yàn.

*

Olùbéèrè padà wá: ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ti san owó ọdún méjì sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ sì ti lọ nínú rẹ̀. Ṣé èyí kò dára?

Ta ni wọ́n san án fún?

Ìbéèrè yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú títa ilé tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Onílé ti gba 1,800,000, ó sì ti ná an. O ní oṣù mẹ́jọ ti lọ nínú rẹ̀, oṣù 16 ló kù. Ní 75,000 lóṣù, 1,200,000 ni owó ilé tí yóò bọ́ sí ìgbà tìrẹ, tí o kò sì ní fojú rí. Àwọn kan nínú àwọn tí ó dáhùn sọ pé àṣà ni, pé owó tí onílé àná gbà, ó ti gbà á. N kò gbà. Owó ilé ọjọ́ tí ilé ti di tìrẹ, tìrẹ ni, yálà kí ó dá a padà tàbí kí ẹ yọ ọ́ nínú iye ilé, kí lọ́yà sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú iye àti déètì. Bí kò bá sí nínú àdéhùn, ẹnu lásán ni.

Ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tí éjẹ́ńtì ń sọ pé o lè lé wọn jáde kí o sì fowó kún un. Títà tí wọ́n ta ilé kò fòpin sí ẹ̀tọ́ ayálégbé. Ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn, ìwé ọlọ́jọ́ méje á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kóòtù. Bèèrè pẹ̀lú bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà lórí ìwé àdéhùn, tàbí ti máníjà kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ti máníjà, tí wọ́n sì gbé e lọ síbòmíràn, yóò ṣòro láti rí ẹni tí o lè bá ṣẹjọ́.

*

Ọ̀rọ̀ mítà, ògiri àti sọkawéè

Ìyá kan tí ó ní ilé méjì ní Ṣakí bèèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo rí sí mítà kan fún ayálégbé méjì. Mọ̀mí, ìjà ni mo rí níbẹ̀. Mo ní irú rẹ̀ nínú ilé tèmi: télọ̀ ní apá kan, olùkọ́ ní apá kejì, mítà kan. Ìlàjì ìlàjì ni wọ́n jọ ń ra yúníìtì. Olùkọ́ kì í sí nílé lọ́sàn-án, télọ̀ ń lo áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀ dalẹ́, iná sì máa ń tán ní òru Sátidé tí kò sí ẹni tí ó gbà pé òun ni owó kàn. Mítà kékeré tí a so mọ́ wáyà apá kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń ka nọ́ńbà rẹ̀ ní òpin oṣù, ló parí ẹjọ́ náà. Bí ẹ bá lágbára, ẹ gba mítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní orúkọ ilé, kì í ṣe ní orúkọ ayálégbé.

Àbúrò mi, nínú ilé Ìgbẹ́tì yìí, ìyá olóúnjẹ ní fíríìsà ńlá, ilé-iṣẹ́ sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Lọ wo iye mítà tí ó wà lára ògiri.

Gun àjà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n pè ní alápá méjì jẹ́ ilé kan tí wọ́n là láàárín lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ògiri tí ó pín in a sì dúró ní ibi síìlì, kò ní dé abẹ́ páànù. Wàá mọ̀ ọ́n láìgun ibì kankan: wo síìlì yàrá ọ̀gá òṣìṣẹ́ tí ó kángun sí ilé ìdáná ìyá yẹn. Bí èéfín ààrò bá ti sọ ẹ̀gbẹ́ síìlì di dúdú ní apá tí kò sí ẹni tí ń dáná, òkè ṣí sílẹ̀. Olè lè gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní apá kan yóò sì dé èkejì. Kíkọ́ ògiri náà parí kò wọ́n, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú owó ilé.

Sọkawéè kan fún ìdílé kan àti fún ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ oúnjẹ ọgọ́rùn-ún ènìyàn? Yóò kún kíákíá. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Ẹni kan bèèrè nípa ohun abúgbàù àti ilé tó ń là.

Ìbúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ń mi ilẹ̀. Ìlà tí ó wà lára pílásítà nìkan kò ní kí ènìyàn má sùn, ṣùgbọ́n ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní igun fèrèsé, tí ó ń lọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ títí ó fi la búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, ni kí ẹ dúró tì. Ẹ fi símẹ́ńtì tútù díẹ̀ dí ojú rẹ̀ ní ibì kan, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì padà wá lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì. Bí símẹ́ńtì náà bá tún ti là, ògiri ṣì ń rìn.

Ewu tí ó wà nínú ilé ló ń bà mí lẹ́rù ju èyí tí ó wà ní kúárì lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìbúgbàù ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé tí wọ́n ń gbé. Àdúgbò àwọn ọlọ́lá ni Bódìjà, kì í ṣe ìdí kúárì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ilé fún awakùsà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn kò gbọ́dọ̀ kó ohun abúgbàù wọlé, àti pé onílé lè wọ yàrá ìkẹ́rùsí wò lẹ́yìn tí ó bá ti fún wọn ní ìkìlọ̀. Ẹni tí ó ní èyí yóò lé ayálégbé sá, kí ó jẹ́ kí wọ́n sá.

*

Ìwé ilẹ̀

Díẹ̀ ni mo ní láti sọ. Kì í ṣe onílẹ̀ ló ni mábù tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín lábẹ́ òfin, nítorí náà kí éjẹ́ńtì má ṣe fi òkúta abẹ́ ilé gbé owó lé ọ lórí. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà jọ fọwọ́ sí i, nítorí pé èyí tí ẹnì kan ṣoṣo bá tà lè padà wá di ẹjọ́. Kí sọ́féyọ̀ tìrẹ wọn ilẹ̀ náà, má ṣe gba ìwé tí wọ́n bá gbé lé ọ lọ́wọ́.

*

Olùbéèrè: mo lọ. Olùkọ́ kan níbẹ̀ ní òun kò lè san ju 300,000 lọ fún apá ńlá, 200,000 fún apá kékeré. Onílé ti gbà mílíọ̀nù 13. Ó ní iye tí ènìyàn yóò ná láti kọ́ irú rẹ̀ lónìí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òótọ́ ló ń sọ, ìwọ tí o ń ta símẹ́ńtì mọ̀ ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n iye tí ó ná kì í ṣe iye tí ìlú lè san. Jẹ́ ká fi ìwọ̀n tí a gbé e lé tẹ́lẹ̀ ṣírò rẹ̀. Owó ilé olùkọ́ jẹ́ 500,000. Bí a bá yọ owó àtúnṣe, 450,000. Ní ọdún 15, ìyẹn jẹ́ 6,750,000. Ká wá gbà pé kúárì ṣì ní ọdún mẹ́ta, kí àwọn ayálégbé méjèèjì sì máa san 850,000 lé ti olùkọ́ lọ́dọọdún: 2,550,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,300,000. Yọ 1,200,000 tí onílé ti ná, yóò ku 8,100,000. Fi díẹ̀ lé e nítorí pé ilẹ̀ yóò gbówó lórí. Bí o bá ti kọjá mílíọ̀nù 10, o ti ń fi owó tìrẹ san ọdún tí kúárì kò tíì ṣe.

Ní ti ìyàwó rẹ, n kò ní sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ kò léwu, mo ti sọ ti 2016. Ṣùgbọ́n bí LAUTECH bá tì, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Bowen kò ní tì, òun tí ó ti jẹ́ ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi láti 1907. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898 kò ní tì, ọjà wa náà kò sì ní tú. Ní mílíọ̀nù 13, tìyàwó rẹ ni mo tẹ̀ lé.

Olùbéèrè: bí ó bá wá gbà mílíọ̀nù 10 ńkọ́?

Nígbà náà, mú bíríkìlà dání, má ṣe mú éjẹ́ńtì. Ọjọ́ tí wọ́n ń fọ́ òkúta ni kí o lọ, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, kí o sì dúró nínú yàrá apá ńlá nígbà tí ó bá dún. Gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ kúárì àti rìsíìtì owó ilé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lọ́wọ́ onílé. Gba nọ́ńbà ìyá olóúnjẹ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, kí o sì bi í léèrè iye abọ́ tí ó ń tà lójúmọ́ ní èṣín àti iye tí ó ń tà nísinsìnyí.